Òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì mi kì í mú àbá wá: ọwọ́ ta ni ẹ̀bi wà?

Ìbéèrè

Òtẹ́ẹ̀lì oníyàrá méjìlélógún ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún wa ní Òṣogbo. Òṣìṣẹ́ mẹ́rìndínlógún ló wà níbẹ̀, ó sì ti pé ọdún méjì tí mo ti ń mójú tó o. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn mo kan àpótí àbá mọ́ ògiri lẹ́bàá ilé ìdáná, mo sì kéde pé ẹni tí àbá rẹ̀ bá ta yọ lóṣù á gba ₦10,000. Títí di òní, bébà méjì péré ni mo bá níbẹ̀. Ọ̀kan ní kí n fi kún owó oṣù. Èkejì, bébà tí wọ́n fi di ẹ̀pà ni. Mo rán mẹ́ta nínú wọn lọ sí sẹ̀míínà n'Ìbàdàn. Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì padà wá bí wọ́n ṣe lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ṣé àbímọ́ ni kí òṣìṣẹ́ máa ronú kan nǹkan tuntun ni, àbí ohun kan wà tí ọ̀gá máa ń ṣe tó ń fà á yọ lára wọn? Mi ò fẹ́ gbà pé ọ̀lẹ ni gbogbo wọn.

* * *

Èsì

Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ṣe iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, láti orí bẹ́ẹ̀dì títẹ́ dé ìdí káńtà, kí n tó di alábòójútó. Ìbéèrè kan ni mo ní kí n tó sọ tèmi: bí ife bá fọ́ lọ́dọ̀ yín, ta ló ń san án?

* * *

Olùbéèrè

Ẹni tó fọ́ ọ ni, ẹ̀gbọ́n. A máa ń yọ ọ́ lára owó oṣù. Táwẹ́ẹ̀lì tó bá sọnù náà, ọrùn ẹni tó tún yàrá yẹn ṣe ló wà. Bí a ṣe bá a lọ́wọ́ bàbá mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ló kan ife kan àbá?

* * *

Èsì

Òun gan-an ló kàn án. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti aṣọ búlúù fún yín.

Mo ń tún yàrá ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì kan n'Ìkẹjà nígbà náà, owó oṣù mi jẹ́ ₦32,000. Àwọn obìnrin tó bá wá ṣe ìgbéyàwó, bí wọ́n bá ti òde dé lóru, táwẹ́ẹ̀lì funfun ni wọ́n fi ń nu àtíkè, tìróò àti lípsítíìkì kúrò lójú. Wọ́n á nù ún dáadáa, wọ́n á ká a, wọ́n á gbé e lé ẹ̀gbẹ́ báàfù bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Tìróò kì í jáde lára aṣọ funfun. Ẹ fi bílíìsì pa á, ẹ sè é, àmì rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ bí ìka ọmọdé lára ògiri. Lọ́sẹ̀ ìgbéyàwó, táwẹ́ẹ̀lì mẹ́fà lè bàjẹ́ báyẹn, orí àwa tí à ń tún yàrá ṣe ni gbogbo rẹ̀ sì ń dá lé.

Èmi bá ronú sí i. Mo ra ìyókù aṣọ búlúù lọ́wọ́ télọ̀ kan tó wà lójú ọ̀nà ilé mi, mo gé e ní igun mẹ́rin mẹ́rin, mo ṣẹ́ ẹ létí, mo sì ń gbé méjì méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìfọwọ́ nínú yàrá tí obìnrin bá wà. Owó ara mi ni. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí mo mọ̀ pé wọ́n á ní kí ni mo mọ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sí táwẹ́ẹ̀lì kan tó bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, àlejò kan gbé èyí tó tutù lé orí bùláòsì rẹ̀ tó funfun, aró bá ṣí sí i. Mánéjà ò bi mí pé kí ni mo rí tí mo fi gé aṣọ. Ó bi mí pé ta ló rán mi níṣẹ́. Ó yọ ₦8,500 lára owó oṣù mi, ó sì ní kí n kọ̀wé pé mi ò ní ṣe irú ẹ̀ mọ́.

Mo kọ ọ́, mo sì mú ìlérí ṣẹ. Ọdún mẹ́ta ni mo tún lò níbẹ̀. Mo mọ páìpù tó ń jò sínú ògiri kí ògiri tó wú. Mo mọ ìdí tí àlejò kì í fi í pẹ́ ní yàrá 107: ẹ̀fúùfù ilé ìdáná ń gba ojú fèrèsé rẹ̀ wọlé, òórùn ẹja díndín á sì máa bá wọn sùn. Mi ò la ẹnu mi. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Aṣọ búlúù yẹn, kí ni kò dáa nípa rẹ̀? Aró ni. Ká ra dúdú tí àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣí, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ní òtẹ́ẹ̀lì tí mo lọ lẹ́yìn ìgbà náà, aṣọ dúdú kékeré ni wọ́n ń kó sí gbogbo yàrá fún nínu ojú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí mo fẹ́ tẹ́, mo rẹ́rìn-ín títí ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi bi mí pé kí ló ṣe mí.

* * *

Èsì

Mo ti ka ohun tí àwọn tó kù kọ. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni "owó ni". Wọ́n ní ẹni tó ń gba ₦70,000, tó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí láti July 2024, tí ìdajì rẹ̀ ń bá ọkọ̀ wíwọ̀ lọ, ibo ló ti fẹ́ rí orí ronú fún ọ̀gá? Mi ò jiyàn. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ọ̀gá tó bá jẹ òṣìṣẹ́ ní owó oṣù méjì, kó tètè lọ yọ àpótí àbá rẹ̀ kúrò lára ògiri, ìtìjú ni.

Ṣùgbọ́n mo ti bá ilé kan ṣiṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó gidi, tó jẹ́ pé bí mánéjà bá wọlé, gbogbo ẹnu á pa. Mo sì mọ òtẹ́ẹ̀lì játijàti kan, yàrá mọ́kànlá, tó jẹ́ pé ẹni tó ń ṣọ́ géètì ló ní kí wọ́n kun ìlà funfun sílẹ̀ kí mọ́tò mẹ́sàn-án lè wọ ibi tí mẹ́fà ń há sí. Owó ló ń jẹ́ kí èèyàn dúró. Kì í ṣe òun ló ń la èèyàn lẹ́nu.

Ẹ̀bùn ₦10,000 yẹn ńkọ́? Òṣìṣẹ́ mọ ìṣirò o. Bí àbá rẹ̀ bá dín owó dísẹ́ẹ̀lì yín kù ní ₦150,000 lóṣù, ẹ rò pé kò ní ṣe ìyọkúrò lórí rẹ̀? Ẹnì kan á gbà á, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á máa wò ó, wọ́n á sì ní ìlú ìyá rẹ̀ àti ti ọ̀gá ló pa pọ̀.

Àwọn tó ní "grádúéètì ni kẹ́ ẹ máa gbà", mo kọjá lórí tiyín. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì Taj ti Íńdíà máa ń wá ọmọ iṣẹ́ ní ìlú kéékèèké, ìwà àti ọ̀wọ̀ fún àgbà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Nígbà tí àwọn agbébọn ya wọ èyí tó wà ní Mumbai ní November 2008, àwọn òṣìṣẹ́ yìí ló ń fi àlejò pamọ́, tí wọ́n ń kó wọn jáde. Àwọn kan nínú wọn kú sí i. Kò sí ìwé ìlànà kankan tó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó kàn wá níbẹ̀ ni pé wọ́n ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní STARS: ìyìn tí àlejò fún òṣìṣẹ́, èyí tí ẹlẹgbẹ́ fún un, àti àbá tí òun fúnra rẹ̀ mú wá, gbogbo rẹ̀ ló ní máàkì. Láàárín wákàtí 48, ó ti gbọ́ èsì. Wákàtí 48 ni mo ní o. Ọ̀gá wa Òṣogbo, bébà tó ní kẹ́ ẹ fi kún owó oṣù yẹn, ṣé ẹ dá a lóhùn?

* * *

Olùbéèrè

Mi ò dá a lóhùn. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

* * *

Èsì

Ẹ wò ó. Ó lè jẹ́ pé ó ń dán yín wò ni. Ẹni tó bá fẹ́ sọdá odò tí kò mọ̀, ẹsẹ̀ kan ló máa ń kọ́kọ́ tì bọ̀ ọ́.

Ẹ lè dá a lóhùn pé "kò ṣeé ṣe títí di December, ìdí rẹ̀ rèé". Èsì náà nìyẹn. Òṣìṣẹ́ lè fara da "rárá". Dídákẹ́ ni kò ṣeé fara dà.

* * *

Èsì

Ẹnì kan ń bi mí bóyá òótọ́ ni ìtàn Ritz-Carlton. Òótọ́ ni. Òṣìṣẹ́ wọn èyíkéyìí, títí kan ẹni tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lè ná tó 2,000 dọ́là lórí ọ̀rọ̀ àlejò kan láìbéèrè lọ́wọ́ mánéjà. Horst Schulze, ará Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì láti kékeré, ló wà lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1983. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kígbe pé "kí wọ́n lè jà mí lólè!", ẹ fara balẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n ń ná an lójoojúmọ́. Ohun tí owó yẹn ń sọ fún òṣìṣẹ́ ni pé a gbà pé orí rẹ pé.

Tiwa kò ní jẹ́ dọ́là. Nígbà tí mo di alábòójútó n'Ìbàdàn, mo bẹ ọ̀gá mi kí ó fi ₦3,000 sí ìdí káńtà fún ìpín iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìwé kékeré kan, òpó mẹ́ta: ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí mo ṣe, iye tó jẹ́. Lóru ọjọ́ kan ọmọ àlejò ń bì. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà rán ẹni géètì lọ ra omi iyọ̀ òun ṣúgà tó wà nínú páálí ní kẹ́místì, ó ní kí ilé ìdáná ro ògì. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá ọmọ náà padà wá ní Àjíǹde ọdún tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìdílé méjì mìíràn. Kò sí oṣù kan tí wọ́n ná tó ìdajì owó yẹn. Àṣìlò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí: ẹnì kan fi ra súyà. Ó kọ "súyà" sínú ìwé, kò parọ́. Mo ní kó má ṣe é mọ́.

* * *

Èsì

Ó kan olè. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ la máa dé.

Àwọn onílé ìtura mẹ́ta ló ti kọ ọ́ pé bí àwọn bá dáwọ́ yíyọ owó dúró, ìparí ọdún ò ní bá táwẹ́ẹ̀lì kan. Ẹ dákun, ẹ má pa olè àti àṣìṣe pọ̀. Olè, ẹ mú un, ẹ lé e. Ife tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ti dúró láti aago mẹ́fà àárọ̀, olè wo ló wà níbẹ̀?

Mo tọpasẹ̀ táwẹ́ẹ̀lì "tó sọnù" nígbà kan, torí ọ̀rọ̀ náà sú mi. Oṣù kan gbáko ni mo fi ń kà á láàárọ̀ àti lálẹ́, ti yàrá, ti ibi ìfọṣọ, ti ìpamọ́. Díẹ̀ bá àlejò lọ, èyí tí ẹni ìdí káńtà ì bá ti rí bó bá ń ránṣẹ́ sí òkè kó tó gba kọ́kọ́rọ́ padà. Púpọ̀ ti gbó, wọ́n ti sọ ọ́ di àkísà, kò sí ẹni tó yọ ọ́ kúrò nínú ìwé. Mẹ́rin, ọwọ́ dírẹ́bà ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni mo ti rí wọn, òun ló fi ń nu mọ́tò. Gbogbo wọn ni wọ́n ti yọ owó wọn lára àwọn ọmọbìnrin tó ń tún yàrá ṣe.

Ohun tí yíyọ owó ń kọ́ èèyàn ni fífi nǹkan pamọ́. Áyọ́ọ̀nù jó bẹ́ẹ̀dṣíìtì, á lọ sísàlẹ̀ òkìtì. Ife ya, wọ́n á yí ibi tó ya sí ògiri. Amy Edmondson, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, ṣe ìwádìí ní àwọn ilé ìwòsàn ní àwọn ọdún 1990. Ó ń retí pé ibi tí àwọn nọ́ọ̀sì bá ti ń bára wọn ṣiṣẹ́ dáadáa, àṣìṣe oògùn á kéré. Òdìkejì ló bá: ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti pọ̀ nínú ìwé. Ó wá yé e pé kì í ṣe pé wọ́n ń ṣe àṣìṣe ju àwọn yòókù lọ. Wọ́n ń sọ ọ́ ni. Níbi tí ìbẹ̀rù wà, ìwé mọ́ tónítóní.

Àbá náà ńkọ́? Ẹnu kan náà ni à ń fi sọ "mo ti bà á jẹ́" àti "mo ní èrò kan". Ẹ ò lè di ọ̀kan kẹ́ ẹ ní kí èkejì máa ṣàn.

* * *

Èsì

Kí n tó gbàgbé, ọ̀rọ̀ òfin. Labour Act ti Nàìjíríà, abala 5, kò fún agbanisíṣẹ́ láyè láti bu owó ìtanràn lé òṣìṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí tó ṣe àìbìkítà, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kó tó lè yọ iye tó bọ́gbọ́n mu. Ẹ bi ara yín: nínú gbogbo ife tẹ́ ẹ ti yọ owó rẹ̀, èwo lẹ gba ìwé fún?

* * *

Èsì

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, màá padà.

February 2023, nígbà tí owó tuntun dọ́wọ̀n tí owó àtijọ́ ò sì níye lójú ọjà mọ́, mo wà ní ìdí káńtà n'Ìbàdàn. Gbogbo àlejò ló ń fi owó ránṣẹ́ láti fóònù. Fóònù ìyàwó ọ̀gá nìkan sì ni álẹ́ẹ̀tì ń wọ̀. Aago méjì òru, àlejò dúró níwájú yín pẹ̀lú báàgì, ó ń fi ojú fóònù rẹ̀ hàn yín pé "ó ti lọ, ẹ wò ó". Ẹ̀yin á pe Mọ̀mí. Mọ̀mí ń sùn. Bẹ́ ẹ bá fún un ní kọ́kọ́rọ́, tó bá jẹ́ álẹ́ẹ̀tì ayédèrú, ẹ̀yin lẹ máa san án. Bẹ́ ẹ bá ní kó jókòó dúró, á gba òtẹ́ẹ̀lì iwájú lọ.

Ọmọkùnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́, kò tíì pé ọdún kan níbẹ̀, ló ní kí ọ̀gá ya àkáǹtì kan sọ́tọ̀ fún owó yàrá nìkan. Kí álẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa wọ fóònù káńtà, ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ò ní lè fà á jáde, kí ọ̀gá máa kó o lọ sí àkáǹtì ńlá lálaalẹ́. Èrò tó dáa. Ọ̀gá fi ojú burúkú wò ó: "O fẹ́ mọ iye tó ń wọlé fún mi?" Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá, álẹ́ẹ̀tì ayédèrú kan gbé owó alẹ́ mẹ́rin lọ, kí ọ̀gá tó gbà.

Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń béèrè ọgbọ́n lọ́wọ́ ẹni tí wọn ò jẹ́ kó rí nǹkan kan. Òkùnkùn lẹ fi wọ́n sí, ẹ wá ń ní kí wọ́n tọ́ka.

Ìyẹn rán mi létí alájẹnẹrétọ̀. Ní òtẹ́ẹ̀lì kan tí mo ti jẹ́ alábòójútó, ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iye dísẹ́ẹ̀lì tí a jó lọ́sẹ̀ sí pátákó ẹ̀yìn ilé ìdáná. Kò kọ èrè rẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì nìkan. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹni tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ wá bá mánéjà. Ó ní ọjọ́ tí àlejò bá jẹ́ mẹ́jọ, ìdí káńtà á tú wọn ká gbogbo ilé, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ńlá, 100kVA, á wá máa gbé gbogbo ilé fún èèyàn mẹ́jọ. Ó ní kí a kó wọn sí apá ọwọ́ òsì, yàrá mẹ́sàn-án, kékeré 30kVA á gbé e títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Owó dísẹ́ẹ̀lì wálẹ̀ lóṣù yẹn, gbogbo wa la rí i lórí pátákó. Ní ìpàdé, mánéjà dìde, ó ní "mo jókòó, mo ro ó dáadáa". Ọ̀gá yìn ín. Alájẹnẹrétọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́, ó ń nu epo kúrò ní ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò wo ẹnikẹ́ni. Èmi náà wà níbẹ̀. Mo mọ̀. Mi ò sọ̀rọ̀, torí mánéjà ló ń kọ ìwé ìgbéga mi. Títí ọkùnrin yẹn fi kúrò, ohun tí wọ́n bá rán an ló ń ṣe.

* * *

Èsì

Mo ní màá padà, ó dé. Ọ̀gá Òṣogbo, ẹ gbọ́ ti ìlú yín.

August kan, mo wá ran àwọn kan lọ́wọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kan lọ́dọ̀ yín nígbà ọdún Ọ̀ṣun. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí láti ìgbà tí UNESCO ti fi igbó Ọ̀ṣun sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005: yàrá á kún, àwọn ará Brazil, àwọn ará Amẹ́ríkà, tiwa láti Èkó. Aṣọ funfun ni púpọ̀ nínú wọn ń wọ̀. Òjò sì ń rọ̀. Wọ́n á ti etí odò dé, ẹrẹ̀ pupa á ti gun aṣọ dé orúnkún.

Afọṣọ ibẹ̀, ọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ò dúró de kí wọ́n gbé aṣọ wá. Aago méje alẹ́, á máa kan ilẹ̀kùn. Bí wọn ò bá gbọ́ Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì, á na ọwọ́ sí ẹrẹ̀, á fi ìka méje hàn, á wá tọ́ka sí ibi tí oòrùn ti ń yọ. Aago méje àárọ̀, aṣọ á ti gbẹ, á ti nà. Ìlọ́po méjì ni owó rẹ̀, òun ní ìdámẹ́ta.

Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní kò sẹ́ni tó kọ́ òun. Ó ní lọ́dún àkọ́kọ́, òun ba ìró obìnrin kan jẹ́ níbi tí òun ti ń dán an wò, ọ̀gá san owó rẹ̀, ó ní kí òun má fi bílíìsì sí irú aṣọ yẹn mọ́. "Ìyẹn nìkan ló sọ." Mo ronú kan ₦8,500 mi.

* * *

Olùbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ jẹ́ kí n jábọ̀. Mo pè wọ́n jọ lọ́jọ́ Ajé. Mo ní láti oṣù yìí, ife, àwo, áyọ́ọ̀nù tó jó aṣọ, òtẹ́ẹ̀lì ló ni ín, kí wọ́n ṣáà sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Mo kọ owó dísẹ́ẹ̀lì àti ti iná NEPA sí pátákó bí ẹ ṣe sọ. Gbogbo wọn dákẹ́. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ó dùn mí díẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ife mọ́kànlá jáde láti ẹ̀yìn firíìjì ilé ọtí. Mọ́kànlá! Àwọn tó ti fọ́ létí láti ọjọ́ pípẹ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, ìyá tó ń gbálẹ̀, tó ti wà níbẹ̀ láti ayé bàbá mi, bá mi níbi tí mo ti ń wọ mọ́tò. Ó ní, "Ọ̀gá, àpótí yẹn." Mo ní kí ló ṣe é. Ó ní, "Kámẹ́rà ń wò ó." Mo lọ wò ó. Òótọ́ ni. Èmi fúnra mi ni mo kan àpótí náà sábẹ́ kámẹ́rà tí a fi ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ìpamọ́ oúnjẹ, fóònù mi sì ni àwòrán rẹ̀ ń wọ̀.

* * *

Èsì

Ẹ gbé àpótí kúrò, ẹ má wulẹ̀ gbé e síbòmíràn. Ìyá yẹn ti fi hàn yín pé ẹnu ṣì wà. Ẹ máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní ìrọ̀lẹ́ láìmú ìwé dání, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ ní ìpàdé Ajé tó ń bọ̀ pé òun ló rí ọ̀rọ̀ kámẹ́rà, ẹ pe orúkọ rẹ̀.

Mo tún ní ìbéèrè kan. Owó ife tẹ́ ẹ yọ lóṣù tó kọjá, ṣé ẹ ti dá a padà fún wọn?